Orúkọ Ẹnì Kẹsàn-án

Ìwọ tí o mú ìwé yìí lọ́wọ́, dúró ná. Wo yàrá tí o wà. Bí ohunkóhun bá wà níbẹ̀ tó ní etí, ìbáà ṣe fóònù, ìbáà ṣe àtùpà tó máa ń dáhùn tí wọ́n bá pè é, gbé e síta kí o sì ti ilẹ̀kùn. Má ka èyí sókè. Ojú ni kó o fi kà á. Bí ètè rẹ bá máa ń mì tí o bá ń kàwé, bí tèmi, fi ọwọ́ bò ó. Mi ò fi ṣeré. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ẹ̀mí wọn so mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá dé etí tí kò yẹ kó dé, ẹ̀rọ wa á kú, àwọn náà á sì tẹ̀ lé e.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ta kókó, bá mi tú u.

Ọjọ́ Ẹtì ni, ní òwúrọ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà lórí àga, rọ́bà méjèèjì wà lápá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gba inú ọ̀kan jáde, ó ń gba inú èkejì wọlé. Èmi dúró ti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ náà. Ó yẹ kí n máa wo ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n iná orí ẹ̀rọ ni mò ń wò. Láti àná ni iná náà ti kúrò ní àwọ̀ ewé, ó ti di àwọ̀ ìyeyè. Tí ó bá pọ́n, ó parí.

"Ìyàwó, ṣé ó ṣì wà ní ìyeyè?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀, ọkọ mi."

"Máa wò ó dáadáa. Tí o bá ṣẹ́jú, ó lè pọ́n mọ́ wa lójú."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nígbà tí mo wọ ilé wọn ní Ìdí-Òro, tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Ní báyìí, àga a máa ké tó bá jókòó. Orúkọ náà kò yí padà. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, àgbà ni o, ọmọdé ni o. Èyí tí ojú rẹ bá rí lára wọn, òun lo máa fi sọ wọ́n lórúkọ, á sì mọ́ wọn lára títí ayé. Ìyàwó Ìdọ̀fà ni wọ́n ń pe èmi náà, nítorí ìlú tí mo ti wá. Mo ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Opó ni mí. Síbẹ̀, ìyàwó ni mí.

Ilé tí wọ́n ń kó òwú sí láyé àtijọ́ ni ẹ̀rọ náà wà. Àwa la ni ín, wọ́n ní àwa la ni ín, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba wa. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọgbọ̀n ọjọ́, á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é lókè òkun pé ṣé kí òun ṣì máa ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, iná á di àwọ̀ ewé. Ìyẹn là ń pè ní ìyọ̀ǹda. Nọ́ọ̀sì tó mọ ẹ̀rọ náà lò gan-an, àwọn tó rán an wá ti pè é padà nígbà tí Ìsénà bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ará òkè òkun sé ọ̀nà ọjà mọ́ wa, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ mi. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe ń po omi, bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sínú ìwé. Ó sunkún nígbà tó ń lọ. Mo rò pé ó ti mọ ohun tó ń bọ̀.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ kí n tó rí ènìyàn. Bàtà aláwọ, tó le. Sálúbàtà là ń wọ̀ ní Ìdí-Òro, nítorí náà mo mọ̀ pé àlejò ni.

Obìnrin kan wọlé. Ó jù mí lọ díẹ̀. Ó wé gèlè dúdú, ó gbé àpò kọ́ èjìká, eruku ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orókún. Ó ní òun ni Ìyáàfin Mọdínátù, láti Ilé Ìyọ̀ǹda ní Kétu. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá. Kétu kò jìnnà sí wa. Ìlà kan tí àwọn òyìnbó fi rúlà fà nígbà láéláé ló gba àárín oko wa kọjá. Ẹni tó wà lápá ọ̀hún kò sí nínú Ìsénà, ẹni tó wà lápá ìhín wà nínú rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wá.

Ó yọ ohun kékeré kan nínú àpò, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì láì ṣí i. Ó dúdú, ó rí bí ìdérí ìkòkò. Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀, mi ò rí i rí. Ẹlẹ́rìí ni. Ohun tí o bá sọ níwájú rẹ̀, o ti búra.

"Ṣé ẹ̀yin ni Fẹ́hìntọlá Aṣọgbọ́n?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ yẹn. Mo kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi. "Èmi ni, mà."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ ìwé orúkọ àwọn aláìsàn?"

"Èmi ni. Ṣé kò dáa ni, mà?"

Ó tú bébà kan, ó gbé e jìnnà sójú. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Eyínfúnjowó. Adúmáadán." Ó dúró. Etí ẹnu rẹ̀ mì. "Ìbàdíàrán. Ta ló ń jẹ́ Ìbàdíàrán?"

Àwọn mẹ́rin tó ń retí àga jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Màmá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Àrán náà ti ṣá o," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí látorí àga. "Ṣùgbọ́n ó dán nígbà tirẹ̀. Ẹ bi gbogbo Ìmẹ̀kọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Mọdínátù náà rín, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì yára wo Ẹlẹ́rìí láti rí i dájú pé kò tíì ṣí.

"Ìyàwó ilé ni yín, ó yé mi," ó ní. "Ìyá mi náà, Ajífọṣọ ló ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ títí tí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Tẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ kan ní Ìmẹ̀kọ ló ń yẹ ìwé yín wò. Ó mọ ilé yín. Kò bá yín fa ọ̀rọ̀. Láti oṣù yìí, ẹ̀rọ ni Ilé Òfin lókè òkun fi ń kà á. Ẹ̀rọ yẹn wá orúkọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán nínú ìwé gbogbo ènìyàn tó wà láyé. Kò rí ẹyọ kan. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ta lẹ̀ ń fọ̀? Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀ ń kó oògùn inú omi ẹ̀rọ náà fún àwọn ológun yín."

"Ológun!" Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fẹ́ dìde, rọ́bà fà á padà. "Àwa tí a ò rí ìtọ̀ tọ̀, àwa la fẹ́ jagun?"

"Ẹ rọra, màmá. Kì í ṣe èmi."

Ẹ̀bi mi ni. Ṣé o rí i, nígbà tí nọ́ọ̀sì yẹn ń kọ́ mi, ó ní kọ orúkọ wọn. Mo mú bírò. Ohun tí ẹnu mi kò gbọdọ̀ sọ, ọwọ́ mi kò lè kọ ọ́. Mo rò pé ọwọ́ kò yàtọ̀ sí ẹnu. Mo kọ èyí tí mo máa ń pè wọ́n. Ta ni mo mọ̀ pé ó máa kà á?

"Kí ni ká wá ṣe, mà?"

"Ẹni tó kọ ọ́ ni kó fi ohùn ara rẹ̀ tún un sọ níwájú Ẹlẹ́rìí. Orúkọ gidi, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kí oòrùn tó kàn wá ní àtàrí. Bí ẹyọ kan bá kù, wọ́n á pa ẹ̀rọ yìí láti ọ̀hún, kò sì ní tàn mọ́."

"Àwọn fúnra wọn ò lè dárúkọ ara wọn?"

"Òfin ní aláìsàn á parọ́."

"Ẹni tó ṣe òfin yìí," Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, "ṣé ó níyàwó nílé ni? Ẹ bá mi bi í."

Ìyáàfin Mọdínátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń nu eruku bàtà rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan: "Orúkọ nìkan ni òfin ní kẹ́ ẹ dá. Tí ẹ bá ti dárúkọ tán, tí Ẹlẹ́rìí bá bi yín ní nǹkan mìíràn, ẹ lè dákẹ́. Kò sí ìjìyà fún ìyẹn." Mo wo ojú rẹ̀ láti mọ ìdí tó fi sọ ọ́. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní òun ń lọ dúró lábẹ́ igi, kí n pe òun tí mo bá ti ṣe tán.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀. Ẹni mẹ́jọ, ìtìjú ni. Ìtìjú kì í pani. Ẹnì kẹsàn-án ni wàhálà.

Ẹnì kẹsàn-án ni Akọ̀wé, àbúrò ọkọ mi ọkùnrin. Orúkọ rẹ̀ gidi wà nínú Ìwé Èèwọ̀. Bí a ṣe ń pe ìwé náà nílé wa nìyẹn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́hùn-ún. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ohunkóhun tó ti òkè òkun wá kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. Fóònù kì í dún lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá wọ mọ́tò, mọ́tò náà á dákẹ́. Ẹ̀rọ tí yóò fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sí, àfi tí ó bá ń jẹ́ Akọ̀wé lásán nínú ìwé obìnrin kan tí kò kàwé púpọ̀.

Kí ló ṣe? Kò jalè, kò pànìyàn. Àwọn tó wá wa òkúta funfun ní òkè odò wa ni wọ́n da nǹkan sínú omi, omi yẹn la sì fi ogún ọdún mu. Omi náà ló ba kíndìnrín gbogbo wa jẹ́. Ìjọba wa ṣòfin pé kí wọ́n tún odò ṣe kí òkúta kankan tó jáde mọ́. Ilé ẹjọ́ kan lókè òkun ní òfin náà kò bá àdéhùn mu. Ìjọba kò yí i padà. Báyìí ni Ìsénà ṣe dé. Akọ̀wé ló jókòó ti àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba nígbà tí wọ́n wá gbọ́ tẹnu wa. Ìbàdíàrán sọ bí omi ṣe ń yọ ìfófò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò ṣe ju ìyẹn lọ. Ó kọ̀wé.

Mo ṣì dúró níbẹ̀ nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ojú pè mí. Mo tẹ etí sí i lẹ́nu.

"Òkú wa ni kó o pè."

"Ẹ ní kí ni?"

"Bàbá Títílọpẹ́. Ọkọ rẹ." Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Nọ́ọ̀sì kọ orúkọ rẹ̀ gidi nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí mọ òun àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìyá kan náà, bàbá kan náà, ẹ̀jẹ̀ òun àti àbúrò rẹ̀ kò yàtọ̀, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ sọ ọ́. A ò sì kọ ikú rẹ̀ sí ìwé ìjọba, ọ́fíìsì tì nígbà yẹn. Lójú tiwọn, ó ṣì wà."

Mo jókòó sílẹ̀.

O ní láti mọ bí ọkọ mi ṣe kú. Ní oṣù kẹta Ìsénà, iná orí ẹ̀rọ pọ́n. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi pọ́n. Nígbà tó tún padà di àwọ̀ ewé, wọ́n ní ẹ má bínú, ẹnì kan lọ́hùn-ún ló gbàgbé láti tẹ nǹkan. Ènìyàn mọ́kàndínlógún ti kú ní àgbègbè wa. Ọkọ mi ni ẹni kẹtàlá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú títí tí awọ ara ń dán. Ó ń bi mí pé, ó ti di ewé? Mo ní ó kù díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń sọ títí ó fi lọ, pé ó kù díẹ̀.

Mo jáde lọ bá Akọ̀wé. Abẹ́ àtíbàbà ló máa ń dúró sí tí àlejò bá wà, kí wọ́n má bàa rí ojú rẹ̀. Ojú náà ti wú. Ọjọ́ rẹ̀ lórí àga ni lọ́jọ́ yẹn.

"Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ lójú wíńdò," ó ní. "Pè mí, Ìyàwó, kó tán."

"Ẹ ó kú."

"Ọjọ́ mẹ́wàá. Mọ́kànlá tí mo bá gbádùn ara mi. Mo mọ ọ̀nà yẹn dáadáa, ìgbà mọ́kàndínlógún ni mo ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Òun ló ń kọ ìwé àwọn òkú. Orúkọ, ọjọ́, ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tí olóògbé sọ gbẹ̀yìn. Ní oṣù tó ń bọ̀, Ilé Ẹjọ́ Gbogbo Ayé fẹ́ gbọ́ bóyá Ìsénà ń pànìyàn, ìwé yẹn sì ni ẹ̀rí wa. Àwọn tó ni Ìsénà ti sọ tiwọn. Wọ́n ní ọjà ni àwọn sé, àwọn kò sé oògùn. Wọ́n ní kò pa ẹnikẹ́ni.

Mo wo ilẹ̀. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní kí n pe ẹ̀gbọ́n yín."

Adìẹ kan ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Akọ̀wé ń wò ó.

"Rárá," ó ní.

"Akọ̀wé…"

"Mo ní rárá. Ikú rẹ̀ nìkan ni ohun tó kù tó jẹ́ tirẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n jí i gbé."

"Ṣé ẹrù ni ikú ni?"

"Lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí, ẹrù ni. Jókòó." Mi ò jókòó. "Nígbà tí wọ́n péjọ tí wọ́n ṣòfin pé gbogbo orílẹ̀-èdè ló dọ́gba, àwa ò sí níbẹ̀. Inú àpò ẹni tó jókòó la wà. Bàbá bàbá wa ń ru òwú wá sí ilé yìí gan-an, fún ọba kan tí kò fojú rí rí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ẹ máa bọ̀, ẹ wá fọwọ́ sí i. A wá, a fọwọ́ sí i. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí àwa náà fi òfin yẹn bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ẹ mú òkú yín wá ká rí i. Mo ti mú wọn wá, Ìyàwó. Mọ́kàndínlógún. Bí ọ̀kan bá jí dìde nínú wọn, wọ́n á ní oorun ni gbogbo wọn sùn."

Ó mí gúlegúle. Ọ̀rọ̀ gígùn ti ń nira fún un láti ìgbà díẹ̀.

"Tí wọ́n bá gbọ́ ẹjọ́ náà," mo ní, "ṣé wọ́n á dá wa láre?"

"Mi ò mọ̀."

"Tí wọ́n bá dá wa láre, ṣé àwọn tó sé ọ̀nà á ṣí i?"

Ó rọra rẹ́rìn-ín. "Ìgbà míì wọn kì í ṣí i."

"Ẹ wá fẹ́ kú nítorí 'mi ò mọ̀' àti 'ìgbà míì'."

"Ta ló kọ́ ọ lọ́yà, Ìyàwó?"

"Mo ti jókòó ti ikú kan nínú ilé yìí. Mi ò lè jókòó ti èkejì."

"Mo bẹ̀ ọ́," ó ní. Ó di ọwọ́ mi mú. Kò fọwọ́ kàn mí rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn. "Mo bẹ̀ ọ́ ni o. Orúkọ mi ni kó o pè. O ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sá fún un, ó tó gẹ́ẹ́."

Òjìji àtíbàbà ti kúrú, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ òpó. Mo fa ọwọ́ mi yọ. Mi ò ṣèlérí kankan fún un. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn.

Nígbà tí mo padà wọlé, mo pe Ìyáàfin Mọdínátù. Ó tẹ Ẹlẹ́rìí. Ohun náà ṣí ojú kan, ojú náà funfun, kì í ṣẹ́. Ó sọ̀rọ̀. Yorùbá rẹ̀ dán ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ ọ́ kò mí.

"Fẹ́hìntọlá Aṣọgbọ́n. Dárúkọ ẹni kìíní."

Mo kúnlẹ̀. Kì í ṣe fún Ẹlẹ́rìí. Mo kọjú sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ forí jì mí. Kì í ṣe àfojúdi."

"A ti forí jì ọ́," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Pè wá, jàre."

Mo pè é. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí, ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lẹ́yìn. Mo pe ẹnì kejì. Mo pe ẹnì kẹta, tí kò sí níbẹ̀, ahọ́n mi wúwo bí ẹni tó jẹ iṣu ewùrà gbígbóná. Nígbà tí mo pe Ìbàdíàrán, ó fi ìborùn bo ojú. Ó ní láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, ẹnikẹ́ni kò fi odindi orúkọ náà pe òun. Ó ní òun rò pé ó ti sọnù. Ẹlẹ́rìí ń sọ lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan pé, "A rí i." Ẹni mẹ́jọ. A rí i, a rí i.

"Dárúkọ ẹnì kẹsàn-án."

Mo wo ojú funfun náà.

Ìyáàfin Mọdínátù na ìka mẹ́ta sí mi nísàlẹ̀ tábìlì, níbi tí ojú funfun náà kò lè rí. Ìgbà mẹ́ta ló máa béèrè. Ó ká ìka kan.

"Dárúkọ ẹnì kẹsàn-án."

Orúkọ méjì ló wà lẹ́nu mi. Ní òótọ́, mi ò tíì mọ èyí tí mo máa sọ. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé òun mọ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, irọ́ ló ń pa. Mo ń ro ẹsẹ̀ tó wú tó ń dán. Mo ń ro àwọn méjìdínlógún yòókù, àwọn ìyàwó wọn, àwọn tó jókòó sọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ń kọ ọ́. Wọn ò bi mí. Èmi náà ò bi wọ́n. Ìyáàfin ká ìka kejì.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i ní ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé ti rìn wá. Ó gbá òpó ilẹ̀kùn mú, ó ń mí, ó sì ti la ẹnu. Òfin kò ní gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rìí á mọ ohùn rẹ̀. Ohùn ẹni tó wà nínú Ìwé Èèwọ̀, nínú ilé ẹ̀rọ. Á kú, ẹ̀rọ á kú, gbogbo wa.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó ń wúkọ́ bí ẹni tí àyà rẹ̀ fẹ́ já, láti bo ohùn yòówù tó bá fẹ́ jáde.

"Dárúkọ…"

Mo sọ ọ́ kí òun tó sọ ọ́. Mo pe orúkọ ọkọ mi. Mi ò pè é rí nígbà tó wà láàyè, mi ò pè é nígbà tó ń kú lọ, tó yẹ kí ènìyàn máa pe ẹni tó ń lọ. Mo pè é tààrà, orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀.

Ojú funfun náà dúró. Ó dúró pẹ́.

"A rí i. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá a mu. Ṣé ẹni yìí wà láàyè?"

Mi ò dáhùn.

"Ṣé ẹni yìí wà láàyè?"

"Orúkọ nìkan ni òfin béèrè," ni Ìyáàfin Mọdínátù sọ fún un, kíákíá. "Orúkọ ti pé mẹ́sàn-án." Ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú náà dé.

Iná orí ẹ̀rọ di àwọ̀ ewé. Ẹnikẹ́ni kò patẹ́wọ́. Ìyáàfin kó àpò rẹ̀, ó so okùn bàtà. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó dúró. Kétu kò jìnnà sí wa, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ náà ni àwọn ènìyàn ti wá síbi ìsìnkú ọkọ mi, bóyá òun náà wà lára wọn.

"Ẹ bá mi kí bàbá náà," ó ní. Kò wojú mi. Ó lọ.

Mo tú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sílẹ̀. Mo fọ rọ́bà, mo po omi tuntun. Akọ̀wé ṣì dúró ní ẹnu ọ̀nà. Mo fi ọwọ́ hàn án pé àga ti ṣófo. Mo rò pé kò ní wá. Ó wá. Ó jókòó, ó na apá rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ̀rọ náà ti mọ gbogbo wọn lórúkọ, ó sì ń kí wọn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ohùn Ẹlẹ́rìí náà ló fi kí Akọ̀wé, ṣùgbọ́n kò mọ ohùn ẹni bí Ẹlẹ́rìí, ẹ̀jẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ó pe orúkọ ọkọ mi. "Ẹ káàbọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́. Ṣé ẹ̀yin nìyí?"

Akọ̀wé ń wo ògiri.

"Ṣé ẹ̀yin nìyí?"

"Dá a lóhùn," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Jọ̀ọ́, àbúrò mi. Dá a lóhùn."

"Èmi ni," ó ní.

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gún abẹ́rẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ.

"Ìyàwó."

"Ẹ má mi apá yẹn."

"Ìyàwó, òun ni ẹni kẹtàlá nínú ìwé mi. Kí ni kí n ṣe sí i? Ṣé kí n pa á rẹ́?"

Mo fi òwú nu ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀.

"Mo ń bá ọ sọ̀rọ̀. Kí ni kí n sọ fún àwọn méjìdínlógún? Kí ni Títílọpẹ́ máa sọ tí wọ́n bá ní bàbá rẹ̀ ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní Ìdí-Òro?"

"Mo ti sọ̀rọ̀ tó lónìí, Akọ̀wé."

Ó tún bi mí. Mo fa ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì gbé ojú lé rọ́bà níbi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń jáde bọ̀. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo gbé ojú sókè, mo ń wo iná àwọ̀ ewé orí ẹ̀rọ.